Bí A Ṣe Ń Wá Ilé Tuntun fún Ajá Tí A Kò Lè Sìn Mọ́

Ìkórìíra kì í sábà wà nídìí bí ajá ṣe ń pàdánù ilé ní ìlú bí Ìbàdàn àti Èkó. Onílé tuntun lè ní òun kò fẹ́ ajá nínú ọgbà òun, iṣẹ́ lè gbé ẹni tó ni ín lọ sí ìlú mìíràn, físà tí a ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ lè jáde lójijì, owó oúnjẹ sì lè wọ́n kọjá agbára ẹni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fa ajá náà lé ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́, kí wọ́n lè ráyè di ẹrù wọn. Ọ̀nà yẹn yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ajá lọ sí ibi tí etí olówó rẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́. Iṣẹ́ tó wà níwájú yín ni láti yan ilé tí ajá náà yóò máa gbé, kí ẹ sì fi irú ìfarabalẹ̀ tí ẹ fi ń yan ilé ìwé fún ọmọ yàn án.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá dandan ni kí ó lọ. Ajá tí àwọn ará ilé ń ráhùn pé ó ń gbó ṣúlẹ̀ lè jẹ́ èyí tí a so mọ́ ẹ̀wọ̀n látàárọ̀, tí a kò mú rìn rárá. Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè mú ajá rẹ̀ dání bí ó bá tètè bẹ̀rẹ̀: a ó fi máíkíróṣíìpù, ohun kékeré tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú, sábẹ́ awọ rẹ̀, a ó gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lẹ́yìn ìyẹn, a ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò ó kéré tán ní 30 ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, yóò sì tún dúró fún oṣù 3 láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí ó tó lè wọlé. Amẹ́ríkà náà ti mú ìlànà tirẹ̀ le láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ajá tí kò tíì pé oṣù 6 kò sì lè wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹni tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kò lè bá ìlànà wọ̀nyí mu. Kí ó yáa wá ilé síhìn-ín. Ẹ má sì sáré gbé ajá lọ bá Màámi ní abúlé láìjẹ́ pé Màámi fúnra wọn fẹ́ ẹ, nítorí wọn kì í fẹ́ kọ ohun tí ọmọ bá gbé wá, ìyà rẹ̀ a sì wá dojú kọ ajá àti àgbàlagbà pa pọ̀.

Bí ó bá ti dájú pé ajá náà ń lọ, ọ̀dọ̀ dọ́kítà ẹranko ni ìrìn àkọ́kọ́. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, òmíràn wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, àwọn dọ́kítà aládàáni sì wà káàkiri ìlú. Kí dọ́kítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó fún un ní oògùn aràn àti ti eégbọn, kí ó sì gún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí èyí tó gbà kẹ́yìn bá ti lé ní ọdún kan. Ẹ gba káàdì tí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí. Ẹni tó mọ̀ pé dìgbòlugi kì í gbóògùn mọ́ bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn yóò kọ́kọ́ béèrè káàdì yìí kí ó tó béèrè ohunkóhun. Bí owó bá wà, ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí abo ajá lóyún mọ́, tàbí kí ẹ tẹ akọ lọ́dàá, pàápàá bí ó bá jẹ́ irú ajá òyìnbó tí àwọn ènìyàn ń dù, nítorí ẹni tó kàn fẹ́ máa ta ọmọ rẹ̀ lọ́dọọdún yóò yà kúrò fúnra rẹ̀.

Bí ajá náà bá ti bu ènìyàn jẹ láìpẹ́, ẹ kò gbọdọ̀ fi í fún ẹnikẹ́ni kí ọjọ́ 10 tó pé lábẹ́ ìṣọ́ dọ́kítà, nítorí inú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá dìgbòlugi wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bù jẹ kò ní dúró de ọjọ́ náà: kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ajá tó ti sọ ìbunijẹ dàṣà, tí dọ́kítà sì sọ pé kò ṣeé tún kọ́, ẹ má tì í sí ilé onílé. Abẹ́rẹ́ ìsinmi tí dọ́kítà yóò gún un kí ó lè kú láìjẹ̀rora kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ọmọ ẹlòmíràn fi ojú rẹ̀ san án.

Lẹ́yìn èyí ni ìkéde. Ẹ ya àwòrán tó fi gbogbo ara ajá hàn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì sọ òtítọ́ nípa ìwà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkéde tí mo ti rí kún fún ìyìn láti òkè délẹ̀, kò sí àléébù kan ṣoṣo níbẹ̀, irú ajá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dá padà kí oṣù tó parí. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Abo ajá ìbílẹ̀ ni, ó ti pé ọdún mẹ́rin. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, káàdì rẹ̀ wà, a sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ó má bàa bímọ mọ́. Ó mọ́ àwọn ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́fà lára, ó sì ń gbó bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn lóru. Ó máa ń lé adìẹ, ó sì ń bẹ̀rù àrá débi pé ó lè fo ògiri. Ẹ̀bà, ìrẹsì àti ẹja ló ń jẹ. Torí pé a ń kó lọ sí ilé tí wọn kò ti gba ajá láyè ni a ṣe ń wá ilé fún un. A ó wá wo ilé yín kí a tó mú un wá.”

Gbólóhùn adìẹ yẹn yóò gba olóko adìẹ lọ́wọ́ àdánù, èyí tó kẹ́yìn yóò sì lé ẹni tí èrò rẹ̀ kò dára sẹ́yìn.

Dọ́kítà ẹranko ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ìkéde náà, torí pé òun ló mọ ilé tí ajá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tí wọ́n sì ń wá òmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹbí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àwọn ẹlẹgbẹ́ ibi iṣẹ́, àti ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò. Ẹ má gbé ajá lọ sí ọjà, ẹ má sì jù ú sí ìgboro pé yóò wá nǹkan jẹ fúnra rẹ̀.

Ẹ má kọ “ọ̀fẹ́” sínú ìkéde. Èrò tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà á, nítorí ó dà bí ẹni pé a ń ta ọ̀rẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ ẹran ajá, èyí tí wọ́n ń pè ní 404, wà ní orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tó ń fi ajá bọ Ògún náà wà, bí irú ti Oǹdó. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ tàbí ohun tó ń bọ. Ajá tí ẹ fẹ́ kí ó dàgbà ni kò gbọdọ̀ bọ́ sí ibẹ̀. Iye tó bá ju èyí tí ẹlẹ́ran yóò san lọ ni kí ẹ dá lé e, kí ẹ sì fi owó náà ra oúnjẹ fún un kí ó tó lọ bí ẹ kò bá fẹ́ fi ṣe èrè.

Bí ẹnì kan bá ti fi ìfẹ́ hàn, ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó yẹ. Ta ni yóò máa fún ajá lóúnjẹ bí gbogbo ilé bá lọ sí ibi iṣẹ́? Ṣé onílé mọ̀ sí i? Ṣé ọgbà ní ògiri àti géètì? Ṣé gbogbo ará ilé gbà? Nínú ilé Mùsùlùmí, àgbà ilé lè fẹ́ kí ajá máa ṣọ́ ìta láìwọ yàrá nítorí ìmọ́tótó ìrun, kò sì sí aburú níbẹ̀ bí ibi tí yóò sùn bá ní òrùlé. Ìbéèrè tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù ni pé: “Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ajá tí ẹ sìn kẹ́yìn?” Ẹni tó ní ó darúgbó tàbí ó ṣàìsàn, tó sì lè dárúkọ dọ́kítà tó tọ́jú rẹ̀, ti sọ ohun tó pọ̀ nípa ara rẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ pa á, tí ọkọ̀ sì pa èyí tó ṣáájú rẹ̀, ń sọ fún yín pé géètì òun kì í sábà wà ní títì. Ẹni tí inú rẹ̀ bá ru sí ìbéèrè náà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹlòmíràn.

Ẹ lọ wo ilé náà fúnra yín. Bí ó bá jẹ́ àgò irin tóóró tí oòrùn ń pa ní wọ́n fi hàn yín, ẹ ti rí ibi tí yóò máa gbé ní gbogbo ọ̀sán.

Ọmọ ajá kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Bí ó bá jẹ́ ológbò ni ẹ ń wá ilé fún, ó gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá títì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ní ilé tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò wá ọ̀nà padà. Ológbò dúdú sì ń pẹ́ kí ó tó rí ilé níhìn-ín nítorí ohun tí àwọn ènìyàn ń rò nípa rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí yóò lọ, ẹ mú un lọ fúnra yín ní òwúrọ̀, kí ó lè fi ojúmọmọ mọ ibẹ̀. Ẹ kó káàdì rẹ̀, abọ́ rẹ̀, aṣọ tó ń sùn lé lórí láìfọ̀ ọ́, àti oúnjẹ ọjọ́ díẹ̀ dání. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó mọ̀ sílẹ̀, torí pé ajá tó ń gbọ́ “jókòó,” “wọlé” àti “ó tó” kò ní mọ ohun tí ìdílé tó ń sọ èdè mìíràn ń wí, wọ́n á sì pè é ní olórí kunkun. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹ kọ ìwé kúkúrú tí tọ̀tún-tòsì yóò fọwọ́ sí, tó sọ pé bí wọn kò bá lè sìn ín mọ́, ẹ̀yin tàbí ẹni tí ẹ yàn ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, wọn kò sì ní tà á.

Ẹ má purọ́ fún àwọn ọmọ yín pé ajá sá lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a lọ, kí wọ́n rí ibẹ̀.

Ajá tuntun lè má jẹun fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó sì lè gba oṣù díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó mọlé pátápátá. Ẹ pè láti béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má máa yọjú sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí pé yóò fẹ́ tẹ̀ lé yín. Kí wọ́n máa fi okùn mú un jáde ní gbogbo àkókò yẹn. Bí ilé méjèèjì bá wà ní ìlú kan náà, ajá lè já okùn kí ó sì wá ọ̀nà padà sí ilé àtijọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kó kúrò, ẹ fi nọ́ńbà ẹni tuntun náà sílẹ̀ fún máígáàdì, fún ayálégbé tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín, àti fún ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì.