Ẹ béèrè físà Z kí ẹ tó di ẹrù: ọ̀nà iṣẹ́ olùkọ́ ní Ṣáínà

Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Zhengzhou, ní ìpínlẹ̀ Henan, níbi tí mo ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Nígbà tó di ọdún kẹta, ọ̀gá iléèwé ní kí n máa bá wọn yẹ ìwé àwọn olùkọ́ ilẹ̀ òkèèrè tó ń wáṣẹ́ wò. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń dán mi wò, mo sì ti jókòó níbi tí mo ti ń dán ẹlòmíì wò. Ní báyìí tí mo ti padà sí Ìlọrin, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ kan kì í kan ilẹ̀kùn mi ní Tanke: “Ẹ̀gbọ́n, ajẹ́ńtì kan ní wọ́n ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà.” Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé, físà wo ló dárúkọ?

Z ni físà iṣẹ́. M ti oníṣòwò ni, L ti ẹni tó lọ ṣe fàájì, X ti akẹ́kọ̀ọ́. Ajẹ́ńtì tó bá ní kí ẹ fi M wọlé, pé ẹ óò yí i padà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ dìde lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan láti Òmù-Àrán gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi kí ọlọ́pàá tó wọ kíláàsì bá a. Òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní July 1, 2013 sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ yóò san owó ìtanràn, láti 5,000 dé 20,000 yuan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo, wọ́n á tì í mọ́lé fún ọjọ́ 5 sí 15. Gbogbo owó tí ọmọ náà kó jọ ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n sì dá a padà sílé. Ajẹ́ńtì náà kò gbé fóònù mọ́. Ó ṣì ń dùn mí, torí Zhengzhou ni mo wà nígbà náà, kò sì sọ fún mi.

Iléèwé ló máa kọ́kọ́ bá yín gba ìwé ìfitónilétí àṣẹ iṣẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yín. Bí ìwé yẹn kò bá tíì dé, kò sí ẹni tó lè bá yín gba Z.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ajẹ́ńtì kì í fẹ́ sọ. Fún iṣẹ́ kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àwọn tí wọ́n sábà máa ń fún láṣẹ ni ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand àti South Africa. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kì í sábà sí lára wọn, bó ti wù kí Gẹ̀ẹ́sì yín dán tó. Ó máa ń bí mi nínú, torí mo ti rí ọmọ wa tó mọ gírámà ju ẹni tí wọ́n gbà lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orílẹ̀-èdè ẹlòmíì kọ yín sínú ìwé. Ọ̀nà tí èmi gbà ni kíkọ́ ìṣirò. Físíìsì àti kẹ́mísírì náà wà. Ẹ óò nílò dìgírì tó bá iṣẹ́ náà mu àti ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn dìgírì.

Ẹ tún béèrè bóyá iléèwé ni tàbí ilé lẹ́sìnnì. Láti July 2021 tí ìjọba Ṣáínà ti ká lẹ́sìnnì lọ́wọ́ kò, ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ ti tì pa.

Ibi tí àwa ará Ìlọrin ti ń kọsẹ̀ jù ni orúkọ. AbdulRazaq ló wà lórí wáẹ̀ẹ̀kì, Abdul Rasaq lórí dìgírì, Abdulrasaq lórí ìwé ìrìnnà. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Lójú ẹni tó jókòó sí Zhengzhou, èèyàn mẹ́ta ni. Ní tèmi, orúkọ bàbá mi ló wà lórí dìgírì, ti ọkọ mi ló wà lórí ìwé ìrìnnà. Obìnrin Ṣáínà kì í yí orúkọ padà tó bá lọ sílé ọkọ, ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn rárá. Mo lọ búra ní kóòtù, mo fi ìwé ìgbéyàwó kún un, mo tún wọ ọkọ̀ Àbújá. Oṣù méjì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sórí ẹní lónìí, kí ẹ ka orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Àbújá yẹn kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ á kọ́kọ́ jẹ́rìí sí dìgírì, ilé-iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè á tẹ òǹtẹ̀ tiwọn, kó tó dé ọ́fíìsì àwọn ará Ṣáínà. Ṣáínà ti ń gba òǹtẹ̀ apostille, ìyẹn òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn kan fi ń gba ìwé ara wọn, láti November 7, 2023, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ẹ tún gba ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá pé ẹ kò jẹ̀bi ọ̀ràn rí.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìdánwò lórí fídíò, ẹ béèrè aago ta ni wọ́n ń sọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn, aago méjì òru ni níbí. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé NẸ́PÀ. Wọ́n á ní kí ẹ kọ́ wọn ní nǹkan fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ìwé rẹ̀ pé kà látinú ìwé títí àkókò fi pé, kò gbójú sókè. A kò gbà á. Èmi gé wàrà sí mẹ́rin níwájú kámẹ́rà, mo jẹ ọ̀kan, mo ní kí wọ́n sọ ìdá tó kù. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dáhùn, mo sì rí iṣẹ́ náà gbà.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ rí i pé orúkọ iléèwé inú rẹ̀ ló wà nínú ìwé àṣẹ iṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà yín síbì kan tí wọ́n ní kí ẹ máa kọ́ni níbòmíì, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa mú. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe é fún àlejò wọn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ilé ni ẹ wọ̀ sí, ẹ ní kí iléèwé mú yín lọ. Ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti béèrè ìwé àṣẹ ìgbélùú.

Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Súhúrì, mo máa ń wà nílé. Ẹ mú àdéhùn yín wá kí a jọ kà á.