Kí Ẹ Tó Ṣí Repo Kejì: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Ọmọkùnrin kan tó ń kàwé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ nígbà tí a pàdé ní Adó. Iyán ṣì wà níwájú wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń lo ètò yín ti ń pọ̀ sí i. Ẹ ò ṣe ṣí repo kejì, kí kálukú máa kó kóòdù tirẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn yòókù máa mú un lò?" Repo ni ibi ìpamọ́ kóòdù, ìyẹn ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà. Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, mo ti ṣe é, ojú mi sì rí màbo.

Ètò tí à ń sọ yìí kò tóbi. Ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣírò owó: ìdáwó oṣooṣù, owó yíyá, èlé, ìpín òpin ọdún. Open source ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá wù lè gbé e kó sì tún un ṣe. Àwa mẹ́ta là ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ìtara ló mú wa ṣí repo kejì, a sì pè é ní Àjọlò. Lóṣù àkọ́kọ́, nǹkan márùn-ún wọlé. Inú wa dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn jẹ́ script (kóòdù ṣókí) kékeré tó ń ṣírò èlé owó yíyá. Ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́, script náà sì bá ètò wa mu bó ṣe rí nígbà náà. Nígbà tó yá, a yí bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ owó padà nínú repo àgbà, ìyẹn ti ètò wa gan-an. A dán repo àgbà wò, gbogbo rẹ̀ dúró. Ta ló rántí Àjọlò? Nígbà tí ọdún ń parí, akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́ lo script yẹn, èlé oṣù kan sì di ìlọ́po méjì lọ́rùn àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ìyá akọ̀wé náà pè mí. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, àwa kọ́ la kọ ìyẹn." Ó ní, "Orúkọ yín ni mo rí lókè rẹ̀, ọmọ mi. Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ṣíṣí i láìní ẹni tí yóò máa ro ó

Àṣìṣe yìí ló bí àwọn tó kù, nítorí náà màá pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ pé oko etílé yàtọ̀ sí oko ẹgàn. Èèyàn lè yà ní oko etílé láàárọ̀, kó fa koríko díẹ̀ tu kó tó lọ sọ́jà. Oko ẹgàn ní tirẹ̀ ń fẹ́ kéèyàn jí lóru, kó di ẹrù, kó sì mọ̀ọ́mọ̀ lọ. Bí ẹni tó ní ọkọ́ kan bá dá méjèèjì, gbogbo wa la mọ èyí tí igbó máa bò.

Ṣíṣí repo lórí GitHub, ìkànnì tí à ń kó kóòdù sí, kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Wàhálà wà nínú ohun tó ń tẹ̀lé e: kíka kóòdù tí àlejò fi ránṣẹ́, títún un dán wò nígbàkígbà tí repo àgbà bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde, dídá àwọn oníbèéèrè lóhùn, yíyọ èyí tó ti kú. Kóòdù tó ti kú kì í sì rùn. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, ó ń dán lójú ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ má sì sọ pé nítorí a kò lówó ni. Google ló wà lẹ́yìn TensorFlow, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní apá kan tí wọ́n ń pè ní contrib, níbi tí wọ́n ń kó ohun tí kò tíì gbó sí. Ó wú, ó wú, títí agbára àwọn tó ni iṣẹ́ náà kò fi ká a mọ́. Nígbà tí ẹ̀dà 2.0 jáde ní 2019, wọ́n yọ contrib dànù. Díẹ̀ nínú ohun tó wà níbẹ̀ wọ inú repo àgbà, díẹ̀ kó lọ sí repo ọ̀tọ̀ tó ń jẹ́ TensorFlow Addons, àwọn kan sì ṣe bẹ́ẹ̀ ṣègbé. Addons náà kò dalẹ́: oṣù Karùn-ún 2024 ni ìtọ́jú rẹ̀ dópin.

Àwọn tó ń lo Kubernetes, ètò tó ń darí àwọn ètò mìíràn lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, yóò rántí ti Helm, irinṣẹ́ tó ń gbé ètò sórí rẹ̀. Nígbà kan, ojú kan ni gbogbo èèyàn ń kó chart wọn (àkójọ ìlànà tí Helm ń lò) jọ sí, tí à ń pè ní stable. Chart pọ̀ ju ojú tó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá 2020, wọ́n pa á tì. Dípò rẹ̀, kálukú gbé chart tirẹ̀ sílé ara rẹ̀, ìkànnì Artifact Hub sì wà tí ń júwe ilé kálukú fún ẹni tó ń wá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí títí a ó fi parí: ẹni tó ń júwe ọ̀nà kò ru ẹrù ẹnikẹ́ni.

Kí a tó ṣí tiwa, ìbéèrè tí a bi ara wa ni pé ṣé yóò wúlò. Ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Kí ni kì í wúlò? Èyí tó yẹ ká bi ni pé: ta ni yóò máa lọ síbẹ̀, ọjọ́ wo láàárín ọ̀sẹ̀? Tí ẹ bá gbọ́ "gbogbo wa ni", ẹ yáa jókòó. Ewúrẹ́ àjọni, ebi ní ń pa á kú.

Repo méjì, kò sì sẹ́ni tó mọ àgbà

Repo kejì mìíràn wà tí kì í ṣe fún àlejò. Ẹ̀dà kóòdù kan náà ni, tí a fi pamọ́ síbòmíràn. Èmi fara mọ́ èyí. Gitorious, ìkànnì ìpamọ́ kóòdù, pa ilẹ̀kùn dé ní 2015, Google Code tó jẹ́ irú rẹ̀ tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 2016. Ẹni tó ní ẹ̀dà níbòmíràn sùn dáadáa. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí a má sọ èyí tó jẹ́ àgbà.

Ní Ìkọ́gòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn wá pàdé. Àlejò tó bá débẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Yóò ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ara rẹ̀ yóò sì sọ fún un. Repo kò rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì jọra lójú, ìka kò sì lè mọ èyí tó gbóná. Ẹ lọ wo kóòdù Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, lórí GitHub: ẹ̀dà lásán ni. Ẹni tó bá fi pull request (ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba àtúnṣe) ránṣẹ́ síbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí ògiri, nítorí orí ímeèlì ni wọ́n ti ń gba àtúnṣe. Iṣẹ́ ńlá lè fara da irú èyí torí gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ tiwa?

Èyí tó sì dẹ́rù bani jù ni ti PHP, èdè tí a fi ń kọ ìkànnì. Orí sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn fúnra wọn ń tọ́jú, ni repo àgbà wà, ti GitHub jẹ́ ẹ̀dà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2021, ẹnì kan ti kóòdù búburú sí orí sáfà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi orúkọ Rasmus Lerdorf àti Nikita Popov, méjì nínú àwọn tó ń kọ PHP, bojú. Wọ́n tètè rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ aráyé. Ìpinnu tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni pé kí wọ́n yé tọ́jú sáfà tiwọn. Ẹ̀dà ti GitHub di àgbà. Ilé tí ẹ kò lè máa tì lálaalẹ́, ẹ má kọ́ ọ.

Kí ibi tí a ti ń gba kóòdù tó di méjì, ẹ tún rántí ti xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, ní 2024. Apá kan nínú ohun tó jẹ́ kí kóòdù ọ̀daràn yẹn ṣiṣẹ́ wà nínú tarball (àkójọ fáìlì tí wọ́n dì pọ̀) tí wọ́n fi ń pín in, ṣùgbọ́n ẹ lè ka inú git, níbi tí kóòdù ti wà ní gbangba, tán kí ẹ má bá a níbẹ̀.

Láísẹ́ǹsì

Kò gùn. Bí ẹnì kan bá fi kóòdù sínú repo yín láìsí láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò, tirẹ̀ ni, kò sì sẹ́ni tó gbà yín láyè láti pín in. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti 2022 ní Nàìjíríà ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí ó ń dáàbò bò, kò sì dìgbà tí èèyàn bá forúkọ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti bi í. Lára márùn-ún tó wọ Àjọlò, mẹ́ta kò ní nǹkan kan. Ẹni tó kọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn sì ti pààrọ̀ nọ́ńbà tẹlifóònù nígbà tí a fi máa wá a.

Fífi kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́

Nígbà tó bá rẹ̀ wá, ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é" máa ń jọ áńgẹ́lì. Ní 2018, ẹni tó ni event-stream, kóòdù kékeré tí ọ̀pọ̀ ètò ń lò, gbé e lé ẹnìkan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni náà fi kóòdù tó ń jí bitcoin há a lára. Lọ́dún yẹn kan náà, nínú AUR, ibi tí àwọn tó ń lo Arch Linux (irú Linux kan) ń kó ohun tí wọ́n ṣe jọ sí, ẹnì kan gba àkójọ acroread (ètò tí a fi ń ka ìwé PDF) tí kò ní alábòójútó mọ́, ó sì fi kóòdù burúkú sí i. Síbẹ̀ mo yìn AUR ní ọ̀nà kan: láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé iṣẹ́ àwọn oníṣàmúlò ni, ẹni tó bá lò ó, orí ara rẹ̀ ló fi ń lò ó. Àwa kò kọ irú rẹ̀ sára Àjọlò. A fi àmì ẹgbẹ́ wa sí i dípò.

Ìgbà tí mo lè gbà fún un

Mi ò ní í purọ́ pé repo kejì kò dára fún ẹnikẹ́ni. OpenCV, àkójọ kóòdù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lóye àwòrán, ní opencv_contrib, ó sì ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀nà wà láti ibẹ̀ bọ́ sí repo àgbà. Ibẹ̀ ni SIFT, ọ̀nà tí a fi ń dá nǹkan mọ̀ nínú àwòrán, wà tẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ (patent) tí ẹlòmíràn ní lórí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà parí ní oṣù Kẹta 2020, wọ́n kó o wọlé nínú ẹ̀dà 4.4.0 lọ́dún yẹn. Ìdí wà tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀, ìgbà tó máa padà wálé sì wà. PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn: inú repo àgbà gan-an ni fódà contrib wà, wọ́n jọ ń dán wọn wò, wọ́n jọ ń jáde. Fún iṣẹ́ tó ní ènìyàn mẹ́ta, mo rò pé fódà kan ti tó, kódà ó lè pọ̀ jù.

Ohun tí a ṣe sí Àjọlò nìyí. A mú ti èlé wọnú repo àgbà, pẹ̀lú ìdánwò tó ń pariwo bí ìṣirò bá ṣẹ́ díẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì. A sọ Àjọlò di èyí tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ nǹkan sí mọ́, a sì kọ ìdí rẹ̀ sókè gàdàgbà. Nínú README wa, ìyẹn ìwé àlàyé tó wà níwájú repo, a ṣe ojú ewé kan tó ń júwe ọ̀nà sí repo àwọn ẹlòmíràn, pẹ̀lú ọjọ́ tí a dán kọ̀ọ̀kan wò kẹ́yìn.

Ọmọ Ọ̀yẹ́ yẹn gbọ́ gbogbo èyí, kò dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó lọ ṣí repo tirẹ̀, ní orúkọ ara rẹ̀, fún irinṣẹ́ tó ń fi àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sórí WhatsApp. A fi ọ̀nà rẹ̀ sínú ojú ewé wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́wàá alẹ́, iná ti lọ, ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìkẹ́rẹ́, wọ́n ní orúkọ mi ni wọ́n rí lókè rẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn?"