Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Àṣírí Aláìsàn Nínú Ìwádìí Tí A Ń Fi Ìwé Àkọsílẹ̀ Àrùn Ṣe

Ìwé àkọsílẹ̀ àrùn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní rẹ́jísítà, ni àkójọ tí a ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí a bá rí irú àrùn kan pàtó lára rẹ̀ sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ibi tí ó ń gbé, ọjọ́ tí a mọ àrùn náà, ìtọ́jú tí ó gbà, àti ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Orílẹ̀-èdè Norway ti ní irú rẹ̀ fún àrùn ẹ̀tẹ̀ láti ọdún 1856, Denmark sì bẹ̀rẹ̀ ti jẹjẹrẹ ní ọdún 1942. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí ìwádìí mìíràn ni pé aláìsàn kì í sábà fọwọ́ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ni ó pàṣẹ pé kí dókítà àti ilé àyẹ̀wò máa fi orúkọ ránṣẹ́, nítorí pé bí a bá ní kí a kọ́kọ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè, àwọn tí àìsàn ti wọ̀ lára jù àti àwọn tí wọn kò pẹ́ kú ni yóò kọ́kọ́ jábọ́ nínú iye náà, ìṣirò yóò sì di èké. Ìdí yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àmọ́ láti inú rẹ̀ ni àṣìṣe tí ó bí àwọn yòókù ti hù: àwọn olùwádìí ń rò pé ẹni tí kò pọn dandan kí a tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò pọn dandan kí ó gbọ́ nǹkan kan náà.

Ìtọrọ àṣẹ ọ̀tọ̀, ìfitónilétí ọ̀tọ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, fi ìyàtọ̀ yìí hàn nínú abala 14, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìsọfúnni tí a kò gbà lẹ́nu ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó gba irú ìsọfúnni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí onítọ̀hún mọ̀, kí ó má sì kọjá oṣù kan. Òfin náà dẹ ọwọ́ fún ìwádìí bí kò bá ṣeé ṣe láti sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tàbí bí làálàá rẹ̀ bá kọjá ohun tí ó bójú mu, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ìwé òfin dé. Bí wọ́n bá kà á síwájú díẹ̀ sí i, wọn yóò rí i pé ẹni tí a dẹ ọwọ́ fún ṣì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn, títí kan kíkéde ohun tí ó ń ṣe ní gbangba. Nítorí náà, ẹ̀yin olùwádìí, ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àbá ìwádìí yín pé òfin kò béèrè ìfitónilétí, kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ sọ ibi tí ìkéde yóò wà, èdè tí a ó fi kọ ọ́, àti ẹni tí aláìsàn lè bá sọ̀rọ̀ bí kò bá fẹ́.

Ìkéde tí aláìsàn kò lè rí kò yàtọ̀ sí àìkéde. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, wọ́n pín ìwé pélébé kan káàkiri àwọn ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sọ fún aráàlú pé wọ́n fẹ́ kó ìsọfúnni inú fáìlì àwọn dókítà ìdílé jọ sí ojú kan, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní care.data. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ pé àwọn kò fojú kan ìwé náà rárá. Ariwo ta, wọ́n so ètò náà rọ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Keje ọdún 2016, wọ́n fòpin sí i. Lóòótọ́, care.data kì í ṣe rẹ́jísítà àrùn kan pàtó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà kọsẹ̀ kan gbogbo ẹni tí ó bá rò pé òun ti kéde tán nígbà tí ìwé bá ti jáde ní ilé ìtẹ̀wé. Ibi tí ó yẹ kí aláìsàn ti gbọ́ nípa rẹ́jísítà ni ẹnu nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀, àti nínú ìwé tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ èsì àyẹ̀wò fún un.

Àṣìṣe mìíràn ni èrò pé bí a bá ti yọ orúkọ, àṣírí ti bò. Ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà, àjọ tí ó ń bójú tó ètò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yọ orúkọ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìtọ́jú wọn kí ó tó fún àwọn olùwádìí, gómìnà ìgbà náà, William Weld, sì fi aráàlú lọ́kàn balẹ̀ pé kò séwu. Latanya Sweeney, tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, san dọ́là 20, ó ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge tí gómìnà ń gbé, ó sì gbé ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ènìyàn mẹ́fà péré ni ọjọ́ ìbí wọn bá ti gómìnà mu. Mẹ́ta nínú wọn ni ọkùnrin. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé ní àdúgbò tí kóòdù ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti gómìnà. Fáìlì ìtọ́jú gómìnà bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìṣirò rẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé ọjọ́ ìbí, jíjẹ́ akọ tàbí abo, àti kóòdù àdúgbò nìkan tó láti dá nǹkan bí ènìyàn 87 mọ̀ nínú 100 ní Amẹ́ríkà.

Ti rẹ́jísítà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àrùn tí kò wọ́pọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ àmì ìdánimọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ìlà kan nínú tábìlì: obìnrin, ọmọ ọdún 34, jẹjẹrẹ inú ojú, ìlú kékeré kan, 2019. Ẹni tí ó ń gbé ní ìlú náà kò nílò orúkọ. Ó ti mọ obìnrin tí wọ́n yọ ojú rẹ̀ kan ní ọdún yẹn. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ó wà nínú òpó tí ó kàn, bóyá obìnrin náà lóyún nígbà náà, bóyá ó ti ní àìsàn ọpọlọ rí, bóyá ó kọ ìtọ́jú. Tábìlì yín ni yóò sọ ìyẹn fún un. Ìdí nìyí tí òfin àṣírí ìlera Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní HIPAA, fi ní kí a da gbogbo ẹni tí ó ti tó ẹni 90 ọdún pọ̀ sí ìsọ̀rí kan, bí a bá fẹ́ ka ìsọfúnni sí èyí tí kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni, kí a má sì fi ju nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú kóòdù àdúgbò, ìyẹn náà bí àwọn tí ń gbé ibẹ̀ bá ju 20,000 lọ. Àjọ tí ó ń bójú tó Medicare, ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà, kì í sì jẹ́ kí a tẹ iye tí ó wà láàárín 1 sí 10 jáde nínú tábìlì. Ẹ tún kíyè sí i pé bí ẹ bá bo iye kan ṣùgbọ́n tí ẹ fi àpapọ̀ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ọmọ ilé ìwé tí ó mọ ìyọkúrò yóò ṣí i.

Lẹ́tà ni mo ti rí àṣìṣe jù. Olùwádìí tí ó fẹ́ bi aláìsàn ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ tí ó ṣe sẹ́yìn tàbí nípa àrùn inú ẹbí rẹ̀ yóò gba àdírẹ́sì nínú rẹ́jísítà, yóò sì kọ̀wé sí i tààrà. Ẹni tí ó gba lẹ́tà náà kò gbọ́ nípa rẹ́jísítà rí. Ó ṣeé ṣe kí dókítà rẹ̀ ti fọgbọ́n sọ fún un pé kókó kan ni ó wà ní ọrùn rẹ̀, kí ó má bàa dárúkọ jẹjẹrẹ. Ilé àyẹ̀wò ti kọ ọ́, ó ti dé rẹ́jísítà, kò tí ì dé etí ẹni tí ó ni ọrùn. Tàbí kí aláìsàn mọ̀, kí ọkọ tàbí ìyàwó tí ó ṣí lẹ́tà má mọ̀. Tàbí kí ó ti kú láti oṣù mẹ́ta, kí opó rẹ̀ sì máa ka ìkíni sí ọkọ rẹ̀ pé a ń retí èsì yín. Mo ti ka àbá lẹ́tà kan rí tí gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé: “A ń kọ̀wé sí yín gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tí ń bá jẹjẹrẹ ọmú jà.” Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní èrò ibi, ọ̀rọ̀ tútù ni ó ń wá. A ní kí ó fi èyí rọ́pò rẹ̀: “Òfin pàṣẹ fún àwọn ilé ìwòsàn láti fi ìsọfúnni nípa ìlera ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ yín. A fẹ́ béèrè bóyá ẹ ó gbà kí olùwádìí kan bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, kò ní kan ìtọ́jú yín rárá.” Kò dárúkọ àrùn, kò sì purọ́.

Lójú tèmi, rẹ́jísítà fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kí orúkọ má tíì dé ọwọ́ olùwádìí títí aláìsàn yóò fi gbà. Kí ó tó fi ránṣẹ́, kí ó yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ti kú wò, kí ó sì sọ fún dókítà tí ó ń tọ́jú onítọ̀hún, kí dókítà lè sọ bí ìdí kan bá wà tí kò fi yẹ kí a kọ̀wé sí ẹni yẹn lásìkò yìí. Àwọn kan ń béèrè pé kí dókítà fọwọ́ sí i kí lẹ́tà tó jáde. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ dí kì í dáhùn, àìdáhùn rẹ̀ yóò sì di ìpinnu tí ó bá aláìsàn ṣe láìbi í. Kí àpòòwé náà má sì ní orúkọ àrùn lára. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí nǹkan bí ènìyàn 12,000 nínú àpòòwé tí ó ní ojú fèrèsé, ọ̀rọ̀ nípa oògùn HIV sì ń yọjú láti ibẹ̀, lábẹ́ orúkọ àti àdírẹ́sì.

Ẹ má ṣe fi orúkọ aláìsàn ránṣẹ́ nínú ímeèlì lásán. Ní ọdún 2015, ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí nǹkan bí 780 ènìyàn, tí púpọ̀ nínú wọn ní HIV, ó sì kọ gbogbo àdírẹ́sì wọn sí ibi tí olúkúlùkù ti lè rí ti ẹnì kejì. Fáìlì Excel, ìyẹn tábìlì orí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀: òpó tí a fi pamọ́ kò parẹ́, ẹni tí a bá fi ránṣẹ́ sí yóò kàn ṣí i ni. Bí irú èyí bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe dákẹ́ pé bóyá kò ní tàn ká. Òfin Yúróòpù fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó àwọn aláṣẹ létí, bí ewu rẹ̀ bá sì pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tí ó kàn fúnra wọn láìfi falẹ̀.

Àṣìṣe kan kù tí àwọn tí kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ́jísítà kì í fura sí. Aláìsàn kan kọ̀wé pé òun kò fẹ́ kí a lo ìsọfúnni òun fún ìwádìí mọ́, òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe dáadáa sì pa ohun gbogbo nípa rẹ̀ rẹ́ ráúráú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, aláìsàn náà padà sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò, ilé ìwòsàn fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, rẹ́jísítà tí kò rántí rẹ̀ mọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tuntun, lẹ́tà ìwádìí sì tún lọ bá a nílé. Kí ẹ lè bu ọlá fún ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pa ìwọ̀nba díẹ̀ mọ́ nípa rẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí, àti ọjọ́ tí ó kọ̀, nínú ìwé ọ̀tọ̀ tí olùwádìí kankan kò ní ọ̀nà sí, kí a sì máa fi orúkọ tuntun kọ̀ọ̀kan wé e kí ó tó wọlé. Ẹ sọ èyí pẹ̀lú fún un nínú lẹ́tà tí ẹ ó fi dá a lóhùn.