Ṣíṣẹ́ gègé orúkọ láìfi àkókò ṣòfò

Àwọn alájọ kan ní Ṣábó, Ìkòròdú, fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣẹ́ gègé ẹni tí yóò kó owó. Set (àkójọ tí kì í gba ohun kan lẹ́ẹ̀mejì) inú Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kò ní ipò, nítorí náà random.choice, tó ń ṣẹ́ gègé mú ẹyọ kan, kò gbà á. Láti Python 3.11, random.sample, tó ń ṣẹ́ gègé mú mélòó kan, náà kọ̀ ọ́. Sísọ ọ́ di list (àkójọ tó ní ipò) nígbà gbogbo ń falẹ̀ tí orúkọ bá pọ̀.

Mo lo list fún orúkọ, dict (tó ń so orúkọ kọ̀ọ̀kan mọ́ nọ́ńbà) fún ipò wọn. Ìgbà tí a bá ń yọ orúkọ kúrò ni ọgbọ́n wà: ẹ gbé orúkọ tó kẹ́yìn sí ipò ẹni tó ń lọ, ẹ kọ ipò tuntun orúkọ tí ẹ gbé náà sínú dict (ẹ má gbàgbé èyí o!), kí ẹ wá pop (yọ) ìdí list. Kò sẹ́ni tó tún ń sún. Ètò orúkọ á dàrú, àmọ́ kí ni gègé fẹ́ fi ètò ṣe?