Ẹ ka èjìká sílíńdà kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú Ọba níbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ scuba, ìyẹn lílúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi pẹ̀lú sílíńdà atẹ́gùn lẹ́yìn, mo mọ̀ pé owó sílíńdà tuntun ń dùn yín, ẹ ti ń wo àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò burú, àlòkù tó dáa pọ̀. Àmọ́ ẹ má wo ọ̀dà ara ẹ̀ o, ẹnikẹ́ni ló lè kun irin lọ́dà. Èjìká ẹ̀ lẹ máa wò, lábẹ́ ọrùn níbẹ̀ yẹn, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lu lẹ́tà àti nọ́ḿbà sí.

Ẹ máa rí nọ́ḿbà tí wọ́n fi dá a mọ̀, iye lítà tó ń gbà (12 tàbí 15 ló wọ́pọ̀), ẹ máa rí WP, ìyẹn prẹ́ṣọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, àti TP tí wọ́n fi dán an wò. Tirin sábà máa ń jẹ́ 232 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn prẹ́ṣọ̀), TP ẹ̀ á wá jẹ́ 348. Táyà mọ́tò tí fọkanáísà ń fẹ́ atẹ́gùn sí, bíi 2 bar lásán ni, ẹ sì mọ bó ṣe ń dún tó bá bẹ́, ti sílíńdà yìí lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ DOT (àjọ ìrìnnà Amẹ́ríkà) àti 3000 psi (ìwọ̀n prẹ́ṣọ̀ tiwọn) nìkan lẹ rí lára ẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbí ò ní gbà láti bá yín kún un.

Ó wá ku déètì. Níbí, èyí tí wọ́n ń gbé wọ abẹ́ omi, ọdún méjì ààbọ̀ méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń yẹ inú ẹ̀ wò, tó bá di ọdún márùn-ún wọ́n á fi omi dán an wò. Lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún yẹn lòfin, ti kí wọ́n máa yẹ inú ẹ̀ wò lọ́dọọdún, àṣà àwọn ṣọ́ọ̀bù ni. Ìdí tó fi jẹ́ omi ni pé omi ò ṣe é fún pọ̀ bí atẹ́gùn, tí irin bá là nígbà tí wọ́n ń dán an wò, kò ní bú gbàmù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí IDEST, àjọ tó ń bójú tó àwọn tó ń yẹ sílíńdà wò, fọwọ́ sí, tí ẹni tó ń tà á bá ní "ó ṣì dáa, mo lò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá" tí déètì sì ti kọjá, ẹ yọ owó àyẹ̀wò kúrò nínú iye tó pè é, ó sì lè má yege o.

Ti alumíníọ̀mù, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn àtijọ́ kan, irin tí wọ́n ń pè ní 6351 ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọrùn wọn máa ń sán, kódà tó bá kàn jókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú atẹ́gùn nínú. Luxfer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sílíńdà, ti fi í sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1988, wọ́n bọ́ sí 6061, àmọ́ níbí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò iná mànàmáná wà tí wọ́n fi ń wá ibi tó sán, àmọ́ tèmi ni pé èyí tí wọ́n bá fi 6351 ṣe, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó ẹ̀ jàre, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Fáàfù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìlà tí wọ́n fi ń yí i wọ ọrùn sílíńdà kì í ṣe oríṣi kan: M25x2 wà, ti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì náà wà, wọ́n jọra débi pé èyí tí kì í ṣe tiẹ̀ á wọlé, á fún dáadáa lọ́wọ́ yín, ìgbà tí prẹ́ṣọ̀ bá wá gòkè ni á já fò. Ó ti pa èèyàn rí. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, ẹ ka ohun tí wọ́n lù sára fáàfù àti sí ọrùn sílíńdà, kó bára mu, ẹ má sì tú u fúnra yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kún un, ẹ bèèrè ìwé àyẹ̀wò atẹ́gùn wọn, EN 12021 ni ìlànà tó yẹ kí atẹ́gùn téèyàn ń mí bá mu. Kọ́bọ̀n mọnọ́sáìdì ò gbọ́dọ̀ ju 5 ppm (márùn-ún nínú mílíọ̀nù kan), òun ni gáàsì kan náà tó ń pa àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ fèrèsé sùn nílé. Tí ẹnu ibi tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ti ń fa atẹ́gùn bá wà nítòsí èéfín ẹ́ńjìnnì, ẹ kúrò níbẹ̀. Ní mítà 30, prẹ́ṣọ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin, 5 yẹn á máa ṣe bíi 20 nínú ara yín. Ẹ má sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yára tàbí kí wọ́n fi lé e: tí wọ́n bá yára, ó máa gbóná, tó bá tutù tán prẹ́ṣọ̀ ẹ̀ á wálẹ̀.

Ẹ má lò ó tán pátápátá lábẹ́ omi, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù kí omi òkun má baà wọnú ẹ̀ lọ jẹ irin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe paintball (eré ìbọn tó ń yin ọ̀dà), ìgò carbon fibre yín ní ọjọ́ ikú lára, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ọdún 15 ni, tó bá ti pé, ẹ má lò ó mọ́. Nínú mọ́tò, ẹ dè é mọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó máa yí kiri. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e wọ bàálù lọ sílé, ẹ tú atẹ́gùn inú ẹ̀ dànù, kí ṣọ́ọ̀bù bá yín yọ fáàfù kí wọ́n lè rí inú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe ilé iṣẹ́ bàálù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.