Iná kan ti tó: bẹ́ ẹ ṣe lè darí òjìji lójú ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yà ní sítúdíò

Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo gílóòbù òkè, ẹ fa kọ́tìnì, torí tí iná méjì mẹ́ta bá ń tàn pọ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó ń da nǹkan rú. Tó bá jẹ́ fláàṣì lẹ̀ ń lò, ISO 100 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára tó), shutter 1/125 (bó ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, ní ìdá ìṣẹ́jú àáyá), f/8 (bí ẹnu lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ẹ gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, láàárín iwájú ẹni náà àti etí ẹ̀, kó ga jorí ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òdìkejì, tí ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta bá jókòó sábẹ́ ojú níbẹ̀, ó ti dáa nìyẹn. Ìyá tó wé gèlè ńlá ńkọ́? Gèlè á ṣíji bo ojú wọn, ẹ sọ iná kalẹ̀ títí ẹyinjú wọn á fi tàn.

Láwàní funfun ló máa ń fìyà jẹ èèyàn jù n'Ílọrin níbí. Ojú Àlàájì dúdú, láwàní funfun báláú, wọ́n á wá ṣí kámẹ́rà sí i torí ojú, láwàní á fọ́n, á kàn funfun lásán, gbogbo iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara ẹ̀ á pòórá. Láwàní ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí iná síwájú díẹ̀ kó jẹ́ etí ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kàn án, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé fóòmù funfun, pátákó fúyẹ́ tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ṣókùnkùn. Bó bá ṣe súnmọ́ tó ni òjìji á ṣe fúyẹ́ tó. Tí mítà tẹ́ ẹ fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bá kà f/8 níbi tó mọ́lẹ̀, tó ka f/5.6 níbi òjìji, ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ ibi òjìji ló wà níbi tó mọ́lẹ̀ nìyẹn, ó bá fọ́tò yìgì mu. Tó bá ka f/4 níbi òjìji, ìlọ́po mẹ́rin, èyí le díẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀ fáwọn bàbá ṣá.

Tí òjìji ò bá wá dúdú rárá, ògiri funfun ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, sítúdíò yàrá kan bíi tàwa ní Tánkẹ̀ kún fún ìyẹn. Ẹ mú fóòmù kúrò, ẹ ta aṣọ dúdú síbẹ̀, aṣọ àbáyà náà tó jàre.

Tẹ́ ẹ bá sún iná jìnnà sẹ́ni náà, láti mítà 1 sí mítà 2, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kù, etí òjìji á sì mú sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rọ̀, ẹ sún un mọ́ra.

Kí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń yà tó dìde, ẹ fa fọ́tò náà tóbi lórí kámẹ́rà, ẹ wo láwàní àti iwájú orí, tí ibì kan bá ti fọ́n ẹ tún un yà kó tó gba Ọjà Ọba lọ.