Bí A Ṣe Lè Fi Jínóòmù Ewéko Wé Ti Ẹranko

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí jínóòmù, èyí tí í ṣe àpapọ̀ DNA inú sẹ́ẹ̀lì, ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ewéko àti ẹranko. Kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn, ẹ kọ́kọ́ ka iye ọ̀wọ́ krómósóòmù, ìyẹn àwọn okùn tí DNA ká jọ sí, tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀wọ́ méjì ni ènìyàn ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 46. Ọ̀wọ́ mẹ́fà ni ti àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, krómósóòmù 7 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé irú koríko mẹ́ta ni ó para pọ̀ di í, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì gbé krómósóòmù tirẹ̀ wá.

Ẹ mú jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn abala DNA tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, nínú àlìkámà yìí, kí ẹ wò ó fínnífínní. Ojú ibi mẹ́ta ni ẹ ó ti sábà bá a: lára A, lára B àti lára D, bí àwọn onímọ̀ ṣe ń pe ìpín tí ó ti ọ̀dọ̀ koríko kọ̀ọ̀kan wá. Bí ẹ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ ó ka ìyàtọ̀ àárín A àti B sí ìyípadà tuntun, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ náà ti wà kí àlìkámà tó dé ayé rárá. N kò mọ àṣìṣe tí ó burú jù èyí lọ nínú iṣẹ́ yìí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dà kan bá sì ń ṣe ojúṣe rẹ̀, èkejì lè bàjẹ́ tàbí kí ó gba iṣẹ́ mìíràn láìpa ewéko náà lára. Irú ìlọ́po bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàárín ẹranko, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àkèré Xenopus laevis ti ilẹ̀ Áfíríkà ní ọ̀wọ́ mẹ́rin.

Ẹ má fi gígùn jínóòmù ṣe ẹ̀rí ọgbọ́n tàbí ipò. Ti ènìyàn tó nǹkan bí lẹ́tà bílíọ̀nù 3 (lẹ́tà ni a ń pe àwọn ègé kéékèèké tí a tò jọ di DNA), ṣùgbọ́n ti òdòdó Paris japonica sún mọ́ bílíọ̀nù 150. DNA tí ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, èyí tí Barbara McClintock rí nínú àgbàdo, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1983, ni ó kó ìdá tí ó pọ̀ jù nínú jínóòmù àgbàdo.

Níkẹyìn, ẹ yan jíìnì ìdánimọ̀ yín pẹ̀lú ìṣọ́ra. Lẹ́tà DNA inú maitokọ́ńdíríà ẹranko, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè agbára, ń tètè yí padà, nítorí náà jíìnì COI tí ó wà nínú rẹ̀ dára fún yíya irú ẹranko kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ ewéko, ìtò àwọn jíìnì inú maitokọ́ńdíríà ni ó ń dàrú, àwọn lẹ́tà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Jíìnì rbcL àti matK, tí wọ́n wà nínú kloropláàsì, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tí ewéko fi ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ni kí ẹ lò fún wọn.